Bàtà Ìyá Ìjọ Wa Lẹ́nu Ọ̀nà

Títí di òní, bí mo bá rí bàtà obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ìjọ wa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ló dá ibi tí a ti ń ṣe òróró àgbọn sílẹ̀ ní Aradagun, fún àwa ìyàwó apẹja. Wọn kì í wọ bàtà wọbẹ̀. Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ yìí, ìsìn ni." Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í rin àgbọn, wọ́n á dárúkọ àwọn ọkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà, kí òkun má gbé wọn lọ.

Bí àlejò bá ń bọ̀ wá ya fọ́tò, ìyá ìjọ á ní kí a yọ yẹtí, kí a tú gèlè. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo gbà.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi rí fọ́tò mi lára ike òróró wa ní Mowo. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé opó ni wá. Ó rà á wálé, ó gbé e síwájú mi.

"Ìgbà wo ni mo kú?"

Mo gbé e lọ bá ìyá ìjọ. Wọn ò sẹ́.

"Ọmọ mi, ta ló ń ṣàánú ẹni tó lọ́kọ nílé? Ṣebí àánú náà lẹ ń jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n dárúkọ ọkọ mi, kí òkun má gbé e lọ. Mo lajú, mo ń wo ẹnu wọn. Ohùn wọn ò tilẹ̀ gbọ̀n.