Òrí Tí Àǹtí Safiyat Fi Sọ́wọ́ Hàlímàt

Láti Ìjàgbó ni Àǹtí Safiyat ti máa ń gun ọ̀kadà wá sí ilé-ìwé wa ní Ọ̀fà. Eruku á ti bò wọ́n, síbẹ̀ ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ni olùkọ́ Hàlímàt, àbúrò mi, ní kíláàsì kejì.

Hàlímàt kò fẹ́ ariwo. Bó bá ti pọ̀, á figbe ta, á ti bẹ́ńṣì ṣubú. Àwọn ọmọ á ní, "Ìjì ti dé o!" Nígbà tó yá, Alhaja, ọ̀gá ilé-ìwé wa, ránṣẹ́ pe màmá mi.

"Ìyá Hàlímàt, bó bá tún ti bẹ́ńṣì ṣubú, ẹ máa mú un lọ sílé o."

Màmá mi kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ níbí. Àǹtí Safiyat náà ń ṣe é, títí wọ́n fi kíyè sí i pé ẹ̀yìn àtẹ́wọ́ gan-an ni Hàlímàt máa ń figbe ta. Wọ́n pè mí.

"Àríkẹ́, àṣé èmi fúnra mi ni mò ń dá ìjì yìí sílẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé òrí wá nínú agolo mílíìkì. Bí Hàlímàt ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí ariwo, wọ́n bu èyí tó le díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Rọra máa fọwọ́ ra á, ọmọ mi, títí á fi yọ́."

Kó tó yọ́ tán, omijé ti gbẹ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn ò pàtẹ́wọ́ mọ́ ní kíláàsì kejì. Àǹtí á gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ọmọ á máa fọwọ́ ra ọwọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi òrí para.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ kíkan-kíkan lórí páànù, mo mú ṣọ́ọ̀kì lọ fún Àǹtí. Alhaja wọlé lẹ́yìn mi.

"Ariwo kí lèyí? Ó yá, ẹ pàtẹ́wọ́!"

Hàlímàt ti fọwọ́ dí etí, ó ti dìde. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń fọwọ́ ra ọwọ́. Abdulganiyu, tó máa ń pè é ní Ìjì jù, ló sáré gbé agolo òrí fún un. Hàlímàt bù ú, ó jókòó, ó ń ra á. Bẹ́ńṣì ò ṣubú.

Alhaja wò wọ́n títí. "Àǹtí Safiyat, ṣé ẹ ti sọ wọ́n di olórìí ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Hàlímàt na agolo sí wọn. "Alhaja, ẹ bu tiyín."

Alhaja bù ú, wọ́n ra á sọ́wọ́. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Sọ fún màmá yín pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Hàlímàt ò lọ síbì kankan."

Ojú máa ń tì mí láti dúpẹ́ níwájú Àǹtí Safiyat. Mo bá kọ ọ́ síbí: Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Màmá mi ti ń jẹun.