Fèrè Alápò

Lánàá, ọmọ mi ń wo fíìmù lórí fóònù mi, ni mo bá gbọ́ fèrè alápò yẹn. Mo ní kó pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nílé wa l'Ẹdẹ, àwọn ọkùnrin òyìnbó tó wọ síkẹ́ẹ̀tì há irú rẹ̀ mọ́ abíyá nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fọn ọ́n tẹ̀lé pósí. Mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Òórùn dòdò tí ìyá mi ń dín gba ilé kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì wọlé, wọn ò gba omi, wọn ò jókòó. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

“Ìyàwó, gbé epo yẹn kúrò lórí iná ná.”

Mo ṣebí síkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ló bí wọn nínú. Mo bú sẹ́kún pé kí wọ́n tan fíìmù mi padà.

Bàbá mi tó gbé ọ̀kadà jáde láàárọ̀ ò padà wálé láàyè. Nílé wa, èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún lọ́jọ́ náà. Torí fíìmù ni.