Àgbo Tó Dúdú Nínú Asẹ́ Onírin

Àgbo náà ń kán sínú igbá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìyá mi dà á láti inú ìkòkò, pupa ni, bí omi osùn. Bó ṣe gba ojú asẹ́ kọjá tó balẹ̀ sínú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo jókòó sórí àpótí nítòsí, mo ń jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ mi, ojú mi sì wà lára igbá yẹn. Kí n tó jẹ ẹ̀kọ náà tán, omi inú rẹ̀ ti dúdú bí aró. Òórùn omidùn kíkan àti ti èèpo igi gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi dá ọwọ́ dúró.

Ìyá bàbá mi ló ni àgbo náà. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba igbá, wọ́n gbé e lọ síbi tí oòrùn ti ń wọlé, wọ́n sì wò ó pẹ́. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n fi ọmọrí dé e.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "kí lo bù sí i?"

"Ìyá, n kò bu nǹkan kan sí i."

"Mo gbọ́. Kí lo bù sí i?"

Abúlé wa kò jìnnà sí Adégbayì. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn nígbà náà ni, ọjà òyìnbó sì ti ń yọ́ wọ ilé àwa ará oko. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ pé ìyá àgbà kì í mu ohun tí a kò bá tíì sẹ́. Omi odò tí gbogbo ilé ń bù mu bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà á sẹ́ tiwọn. Wọ́n á sẹ́ ẹmu, wọ́n á sẹ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Eyín ti tán lẹ́nu wọn, nítorí náà omi ọsàn ni wọ́n ń fún mu, wọ́n á sì sẹ́ ẹ títí háhá kan kò fi ní kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ̀ ba asẹ́, wọ́n á máa fi ìka tú ohun tó kù lójú rẹ̀, kóró ọsàn, èèrà, pàǹtí, bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan ò fẹ́ kí wọ́n rí.

Ìyá àgbà ní ẹmu tí bàbá bàbá mi mu nílé ẹlòmíràn ló pa wọ́n. Wọn kò sọ ilé ẹni tó jẹ́ fún wa rí. Bí a bá bèèrè, wọ́n á ní, "Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀," wọ́n á sì wo ojú gbogbo wa yíká, títí kan èmi tí a kò tíì bí nígbà náà.

Lágbègbè wa, ẹni tó bá gbé ohun mímu fún ni ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹni tó fẹ́ mu ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń fi ètè kàn án ni, àlejò á sì gbà. Ìyá àgbà kì í wo ètè. Ọ̀fun ni wọ́n ń wò, títí wọ́n á fi rí i pé onítọ̀hún gbé e mì.

Etí igbá tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrò ni asẹ́ wọn, wọ́n na aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀, wọ́n rán an mọ́ ọn. Àwọn fúnra wọn ló ran òwú náà. Omi eérú ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sí oòrùn, wọ́n á sì jókòó tì í títí yóò fi gbẹ. Inú yàrá wọn ló ń sùn. Ìyá mi nìkan ni wọ́n ń gbé e fún pé kó sẹ́ nǹkan fún wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fọkàn tán ìyá mi. Wọ́n ní ọwọ́ ìyá mi kì í gbọ̀n ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a bá a pé eku ti jẹ aṣọ asẹ́ náà. Ìyá àgbà bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún eku. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú mìíràn. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí a máa lo ti òun títí tiwọn yóò fi ṣeé lò. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń ru ẹrù nílé ìtajà òyìnbó kan n'Ìbàdàn, ló fún ìyá mi ní asẹ́ náà. Irin tín-ín-rín ni wọ́n fi hun ojú rẹ̀ bí àwọ̀n, ó sì ní ọwọ́ tí a fi ń dì í mú. Ìyá àgbà gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fi ahọ́n kàn án, wọ́n fi èékánná kàn án kó dún. A fi sẹ́ omi ọsàn, kò sí ohun tó ṣe é. "Ó yá ju tèmi lọ," ni wọ́n wí, bí ẹni ń fẹ̀sùn kàn án.

Àgbo la wá sẹ́ tẹ̀ lé e. Àgbo eegun ni, èèpo igi ìrà tí a rẹ sínú omidùn, nítorí orúnkún wọn. Òun ló dúdú yìí.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ti kọ ọkọ tó sì padà wá dálémoṣú lọ́dọ̀ wa, jáde láti yàrá. Wọ́n ṣí ọmọrí, wọ́n yọjú wo inú igbá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní asẹ́ òyìnbó mà dára o, ó ti bá wa sẹ́ ohun tó wà nínú ìyàwó jáde.

"Ọkọ mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí.

"Kí ló wá le níbẹ̀? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á mu ún."

Ìyá àgbà gbé igbá náà lé ìyá mi lọ́wọ́, wọ́n sì gbójú lé ọ̀fun ìyá mi. Ìyá mi gbé e dé ètè. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní àwọn kò lè mu ún. Ìyá àgbà bèèrè ìdí. Ilẹ̀ ni ìyá mi ń wò.

Nígbà tí bàbá mi toko dé nírọ̀lẹ́, àwọn ará ilé ti rò ó fún wọn kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn náà bèèrè, wọn kò rí èsì, wọ́n sì lé ìyá mi lójú gbogbo ilé. Ilẹ̀ mọ́, ìyá mi di aṣọ wọn, wọ́n sì mú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá pọ̀n, ilé bàbá wọn. Mo di aṣọ wọn mú. Bàbá mi já ọwọ́ mi kúrò. Àbúrò bàbá mi ní kí n lọ dúpẹ́ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n sẹ́ ẹ fún. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń ronú gbogbo ohun tí ìyá mi ti fún mi mu láti kékeré.

Mo rò pé ara á tu ìyá àgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ sóko fúnra wọn, wọ́n bó èèpo ìrà, wọ́n rẹ ẹ́, yàrá wọn ni wọ́n sì gbé ìkòkò náà sí. Nígbà tó kan dáadáa, wọ́n ti rán asẹ́ aṣọ wọn tuntun tán. Wọ́n da ìlàjì àgbo sínú asẹ́ aṣọ: pupa. Wọ́n da ìlàjì sínú asẹ́ onírin. Ó ṣú, ó dúdú.

"Ọkọ mi, o rí i?" ni wọ́n bi mí. Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn.

Mo ní mo rí i.

"Má tíì rí i."

Wọ́n ní ìyá mi lè ti fi nǹkan pa ojú irin náà. Wọ́n fi iyanrìn fọ̀ ọ́, wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́, wọ́n da omi gbígbóná lé e. Wọ́n tún un sẹ́. Ó tún dúdú. Wọ́n wá ní kí n lọ mú ọ̀bẹ wá, kì í ṣe láti ìdáná ìyá mi o, láti ti àbúrò bàbá mi. Wọ́n rì í sínú àgbo pupa tó kù, wọ́n fi í sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n yọ ọ́. Irin ọ̀bẹ dúdú, omi ibẹ̀ náà sì ti ń ṣú.

"Irin ni," ni wọ́n wí.

Àbúrò bàbá mi bá wa níbẹ̀. Wọ́n wo ọ̀bẹ wọn, wọ́n wo igbá. "Ìyá, bó bá jẹ́ irin ni, kí ni kò jẹ́ kó mu ún?"

"Ohun tí mo ń bi ara mi nìyẹn."

Ìyá àgbà padà sídìí òwú wọn. Wọ́n ń ran án, ó ń já, wọ́n ń so ó. Lójijì wọ́n dáwọ́ dúró, ìrànwú bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó yí lọ sídìí ògiri, wọn kò sì wò ó. Nílé wa, aboyún kì í fẹnu kan àgbo eegun. Obìnrin kì í sì í sọ pé òun lóyún títí oyún yóò fi fi ara rẹ̀ hàn, nítorí ojú ayé. Ìyá àgbà fúnra wọn ló ń kọ́ gbogbo ìyàwó ilé bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti dé: má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, má sọ fún èmi pàápàá.

Wọn kò sọ ohun tí wọ́n rò fún àbúrò bàbá mi. Wọ́n wé gèlè, wọ́n mú mi lọ́wọ́, a sì rìn dé Ẹ̀gbẹ́dá, pẹ̀lú orúnkún dídùn yẹn. A bá ìyá mi níwájú ilé bàbá wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ẹnì kan gbé omi fún ìyá àgbà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, ṣé bí mo ṣe rò ó ló rí?"

Ìyá mi kò gbé ojú sókè. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ ọ́."

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ tún ní kí n mu ún."

"Èmi náà ni."

Ìyá mi wá bú sẹ́kún. Bàbá wọn jáde, wọ́n ní ọmọ tí a lé lójú ènìyàn, ojú ènìyàn la ó ti mú un wọlé. Ìyá àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe àwọn àgbà ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n gbé àgbo pupa mìíràn àti ọ̀bẹ jáde, wọ́n ní kí àbúrò bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn rì í. Àbúrò bàbá mi rì í, gbogbo ènìyàn sì rí i bó ṣe ń ṣú. Ìyá mi wọlé. Nígbà tó yá wọ́n bí ọmọbìnrin, ó sì wà láyé títí di òní. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò sẹ́ nǹkan fún ìyá àgbà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá àgbà kò sì sọ pé kí wọ́n ṣe é.

N kò lè sọ pé n kì í fura sí ènìyàn. Ọwọ́ ìyá àgbà ni mo ti kọ́ ọ, kò sì tíì kúrò lára mi. Ohun kejì tí mo rí lọ́wọ́ wọn ni mo fẹ́ràn jù: pé wọ́n fura sí ìfura tiwọn náà, wọ́n sì rìn tọ̀ ọ́ dé ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n bá níbẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi gúnlẹ̀, àwọn ará ilé wá bá mi. Wọ́n dárúkọ obìnrin kan tó ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní ṣé n kò rí i pé kì í sọ̀rọ̀, pé bí a bá bi í léèrè nǹkan, ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n ní kí n lé e. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dákẹ́ fún. N kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Obìnrin náà ló ń gbé omi fún ìyàwó mi títí ìyàwó mi fi jáde láyé. Mo ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, n kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju omi lọ.