Ọjọ́ Tí Àáfáà Sọ̀rọ̀ Ara Rẹ̀

Ara mi ò balẹ̀ rárá lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ ṣe é. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sísọ, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Challenge. Tí ẹ̀kọ́ bá parí, èmi àti ọ̀gá mi ọkùnrin la máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè, tí a ó sì fún wọn ní máàkì.

Àáfáà kan wà nínú wọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Iléèwé kan lókè òkun ti gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé òun lè sọ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ìdáhùn tí mo bá fi ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì ló máa ń há sórí bí ẹni há Kùráánì. Tí mo bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Àáfáà, ọ̀rọ̀ tiyín ni mo fẹ́ gbọ́."

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò tíì há, ṣé ó ṣe é sọ níwájú ẹni tó ń fúnni ní máàkì?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá mi ní kó sọ̀rọ̀ nípa ilé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ geerege: àdúgbò Adéwọlé ni òun ń gbé, pẹ̀lú àwọn àbúrò òun obìnrin méjì. Ilé tèmi nìyẹn! Àwọn àbúrò tèmi sì ni. Ọ̀gá mi wò mí. Kí ó tó dá a dúró, mo yára béèrè ohun tí a ò kọ́ rí: ọjọ́ wo ni ẹ̀rù bà yín jù?

Àáfáà ń fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka rẹ̀ bí ẹni tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo fẹ́ yí ìbéèrè náà padà, ló bá lanu.

"He is crying," ó wí. Ìyàwó rẹ̀ tó ń sunkún ló ń pè ní "he". Ó ń rọbí, òjò ń rọ̀, kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn rì sínú ẹrẹ̀. Àáfáà bọ́ sílẹ̀, ó ń tì í. Ó fẹ́ ṣe àdúà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ti há láti kékeré fò lọ lórí rẹ̀, kò rántí ẹyọ kan. Ó da àná pọ̀ mọ́ ọ̀la bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀gá mi tẹ̀ síwájú. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Àáfáà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló bá a tì í dé ilé ìwòsàn. Ìyá yè, ọmọ yè.

Nígbà tó jáde, ọ̀gá mi ní, "Gírámà ẹ̀ ò dáa."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ, àbí ẹ ò gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé kì í ṣe ohun tí a ń dán wò nìyẹn, sà?"

A jọ fà á títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Agbára káká ló fi yege, ó sì ti rìnrìn àjò báyìí.

Lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ lọ sílé, mo tẹ ohùn Àáfáà tí mo gbà sórí fóònù nígbà tó ń dáhùn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo ní máàkì rẹ̀ kéré jù. Mo tún un gbọ́, mo ní ó ti pọ̀ jù. Mi ò mọ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni mo fún ní máàkì, àbí obìnrin tó ń rọbí nínú òjò. Mo tún tẹ̀ ẹ́.