Pákó Tí Kò Tẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé kan ní àdúgbò Otokiti pé kí n wá wo pẹpẹ ìwé kan. Kí n tó wọ yàrá ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Pákó tí ẹrù ń pa kì í pariwo. Ó máa ń kérora díẹ̀, á dákẹ́, á tún kérora, bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí àpótí. Ìyá ilé ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kò lè gbọ́. Láti Gádúmọ̀ títí dé ìdí òkè Patti, ẹ wá káfíńtà mìíràn tó ń fi etí mọ ibi tí pákó máa ti ṣẹ́ kó tó ṣẹ́. Ìwé kẹrin ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé dé yunifásítì ló ń ránṣẹ́ pè mí.

Mo tún pẹpẹ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti gbé mi padà sí ilé wa létí odò, ní ọdún tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ilé amọ̀. Ó tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó móoru nínú ọyẹ́, ó sì máa ń rùn bí ìkòkò tuntun tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀. Tiwa ní yàrá mẹ́fà tó yí àgbàlá kan ká. Nínú àgbàlá yẹn, Núpé la fi ń ná ẹja, Ígálà la fi ń bú ara wa, Yorùbá la fi ń bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ nà wá. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀ ju àwọn àgbà ibẹ̀ lọ. Bàbá mi, ọmọ Ìjùmú, ń fági lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá mi sì ń fi èérún igi rẹ̀ dáná. Ọbẹ̀ wa máa ń ní òórùn ìrókò.

Tísà ni aládùúgbò wa nínú àgbàlá náà, òun àti Dúpẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ mi. Ìyá Dúpẹ́ kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Orí àìsàn ló wà tó fi kọ ìwé mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún un, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí à ń ṣe iṣẹ́ iléèwé sí. Ó kọ orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀ sí i, bí òun ṣe ń se ọbẹ̀, àti ohun tí Dúpẹ́ sọ nígbà tó kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Dúpẹ́ ti mọ̀wé kà, ọ̀kan ni Tísà ń fún un lọ́dún. Ó ní kó má kánjú, nítorí ìwé ẹni tó ti kú kì í pọ̀ sí i. Ó ti ka mẹ́rin. Ó kà wọ́n sókè sí mi létí lórí pèpéle, torí mo sọ fún un pé ojú ń dùn mí. Ojú ò dùn mí. N ò mọ̀wé kà dáadáa ni.

Bàbá mi ló ṣe pẹpẹ ìwé fún Tísà. Pákó igi afárá gígùn kan ni, tó jókòó lórí èèkàn méjì tí wọ́n gbá wọ inú ògiri. Kò ní ẹsẹ̀, nítorí ibùsùn Tísà wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún yẹn, odò kún, kò sì padà. Bàbá mi ti lọ ra pákó ní Kàbbà. Tísà wà ní iléèwé orí òkè, níbi tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn sí. Bàbá Ńdágí, apẹja ará Núpé, fi ọkọ̀ gbé ìyá mi àtàwọn àbúrò mi lọ lówùúrọ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá gbé èmi àti Dúpẹ́. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, omi ti dé orúnkún wa nínú yàrá.

Ìwé Tísà kún àpótí kan nílẹ̀. A kó gbogbo rẹ̀ sórí pẹpẹ, ìwé ìyá Dúpẹ́ láàárín. Pákó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

Dúpẹ́ ní, "Ó ń tẹ̀."

"Kò ní ṣẹ́."

"Ta ló bi ẹ́ bóyá á ṣẹ́? Mo ní ó ń tẹ̀."

Mo ti ibùsùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé ọmọ odó, mo fi ti pákó nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ti rọ̀, ọmọ odó rì wọlẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi sùn. Mo kó àwọn ìwé tó wúwo sí eteetí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn, mo fi àwọn fúyẹ́fúyẹ́ sáàárín. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn pákó ṣì yọ bí ikùn ọkọ̀ ojú omi. Dúpẹ́ fi orí àti ọwọ́ méjèèjì gbé e dúró, omi sì ń gun itan rẹ̀.

Rúlà Tísà ló là mí lójú. Mo tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ, ó tẹ̀. Mo dá a dúró lórí etí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo wọ́ omi lọ sí yàrá wa, mo mú ọ̀pá ìrókò pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bàbá mi là kù, àti àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Mo dá a dúró lórí etí rẹ̀ lábẹ́ iwájú pákó, mo fi orí tì í sókè, mo kàn án ní ìṣó méje. Pẹpẹ nà tọ́ọ́tọ́. Dúpẹ́ tú ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì gbọ́ ìró kankan.

"Ṣé bàbá ẹ ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi fúnra ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni mo sọ. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ kí pẹpẹ má tẹ̀, kó má jẹ́ kó gùn jù, kó sì fi igi tó dúró lórí etí rẹ̀ há a nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ńdágí dé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ fara kan ògiri. "Káyà dáyà-dáyà," ó ní, ìyẹn ni pé ẹrù kan fún ẹnì kan. Dúpẹ́ ti so ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́ inú gèlè. Bàbá Ńdágí ní Tísà ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú bùláńkẹ́ẹ̀tì òun wá, ibà ti mú òun.

Dúpẹ́ dúró. Ó wo gèlè, ó wo bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó wá wo èmi.

"Gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì," mo ní. "Pákó tí mo bá kàn, erin á sùn lé e."

Ó tú gèlè, ó to ìwé náà padà sórí pẹpẹ, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì. Àpò irinṣẹ́ bàbá mi ni èmi gbé. Irin ni gbogbo rẹ̀. Ìpẹtà lásán ni omi ì bá kó bá a. N ò ronú kàn án pé mo lè fi í sílẹ̀ kí n bá Dúpẹ́ gbé ìwé náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án la tó padà. Bàbá mi ti dé láti Kàbbà, òun ló ṣíwájú wa. Yàrá Tísà ti di òkìtì amọ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ wa ilẹ̀, ó fa pẹpẹ jáde, ọ̀pá ìrókò mi ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Ó di ojú kan, ó fi ìkejì wo pákó láti òpin dé òpin, bí àwa káfíńtà ṣe máa ń ṣe.

"Kò tẹ̀," ó ní. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fún amọ̀ ògiri, omi ń kán láàárín ìka rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí ló ń gbé pákó, ọmọ mi?"

Dúpẹ́ ti jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó ń ya ojú ewé, ojú ewé ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Gbogbo yíńkì aláwọ̀ aró ti dà pọ̀. Kò sunkún. Ó ní, "O ò ṣe sọ pé o ò mọ̀?"

Èmi tí mo gbọ́ èdè gbogbo àgbàlá, mo kàn ń bá a ṣa ojú ewé. Lóṣù tó tẹ̀lé e, òun àti bàbá rẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn, ní Ìlọrin ni mo gbọ́. N ò rí i mọ́.

Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ògiri báyìí, pákó sì ti di èérún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀. Èmi náà ti yí padà níbì kan: kí n tó wọn pákó, mo máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ògiri, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà pé n kò tíì mọ̀. Wọ́n á máa wò mí pé ṣé ọ̀gá tí wọ́n ròyìn nìyí.

Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́rin tí Dúpẹ́ kà sí mi létí, inú orí mi nìkan ni wọ́n wà, wọ́n sì ti ń lọ. Ìkẹta ti já sí wẹ́wẹ́. Ìkẹrin, orúkọ àwọn ẹbí nìkan ló kù, n ò sì mọ̀ bóyá mo tò wọ́n bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kẹrin ni mo kà mọ ní iléèwé. Dúpẹ́, bí èyí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́: ọjọ́ tí o kọ́kọ́ rìn, ìyá rẹ na ọwọ́ sí ọ. O kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o lọ dì mọ́ ewúrẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.