Ta Ni Yóò Ka Ikú Màmá Verdelle?

Màmá Verdelle Pettaway kú ní ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá, lórí àga rẹ̀, kéèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí iná ṣì ń gbóná lórí tábìlì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo Harlow Grove tan redio. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Màmá fi ka ikú wa ní àkókò yẹn gan-an, lórí redio kan ṣoṣo tí àwa èèyàn dúdú ní ní apá Alabama yìí. A fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ náà.

Kí ni redio sọ? Ó ní ọkọ̀ ń lọ geere lórí afárá.

"Afárá wo?" Díákónì Cleophus Rudd, tó ń sin òkú fún ìlú, pariwo sí mi létí lórí fóònù. "Ẹnjiníà, bá mi wá a! A ò ní odò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti afárá!"

"Afárá ìpínlẹ̀ Ohio ni, Díákónì. Kọ̀ǹpútà àwọn tó ra redio wa ló ń sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀."

"Ṣé Ohio ni Verdelle kú sí ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú. Ta ló lè rántí Màmá kó má rẹ́rìn-ín? Yóò fi dùùrù sábẹ́ ohùn rẹ̀, yóò wú ikọ́, yóò ní, "Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ẹni tó délé ṣáájú wa." Obìnrin tó bá sì ti ń bu ọjọ́ orí rẹ̀ kù láyé, Màmá kò ní tú u fó lẹ́yìn ikú. Ọmọkùnrin kan pè é lọ́jọ́ kan: "Màmá, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni ìyá mi, ẹ pè é ní mọ́kànléláàádọ́rin!" Màmá dá a lóhùn: "Èmi àti ìyá rẹ ti sọ ọ́ tán. Ṣé o fẹ́ kó wá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run ni?"

Níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ redio náà ṣe ni Màmá ti pàṣẹ tirẹ̀ fún mi. "Tó bá kàn mí, ẹ fi dùùrù sí i. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni kí ẹ pè mí."

"Màmá, ẹ ti pé ọgọ́rin."

"Ìwọ lo bí mi ni?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ta redio, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Kò sẹ́ni tó ń ra afẹ́fẹ́. Ìwé àṣẹ ìjọba ni wọ́n ń tà. Kí ọ́fíìsì ìjọba tó yí orúkọ orí ìwé náà padà, redio ọ̀hún fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéde títà náà, kí olùgbọ́ lè fi ọgbọ̀n ọjọ́ ṣàtakò. Òfin tó dára ni. Àmọ́ òfin kò dárúkọ aago. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ra redio wa ka ìkéde rẹ̀ ní Sọ́ńdè mẹ́ta, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀.

Ẹ̀yin ará Harlow Grove, níbo lẹ wà ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Sọ́ńdè? Ṣọ́ọ̀ṣì ni, gbogbo wa, pẹ̀lú fìlà ńláńlá! Màmá ń kọrin láàárín ẹgbẹ́ akọrin nígbà tí wọ́n ń ta redio lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Hosea Tubbs nìkan, tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́, ló gbọ́. Bàbá sọ fún wa. A fi í ṣẹ̀sín.

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ gbọ́ ìyàwó yín tó ń kọrin nínú redio, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tó ti kú!"

"Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin aláìmọ̀kan!"

Ó sì gbọ́ ọ lóòótọ́. Àwo orin àtijọ́ ẹgbẹ́ akọrin, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti kọrin, ni Màmá gbé sí i. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Bàbá sọ òtítọ́.

Báyìí ni ọgbọ̀n ọjọ́ ṣe kọjá. Àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fẹ́ ra redio náà kó lè wà lọ́wọ́ wa, kò rí ẹni dá wọn lóhùn. Nínú gbogbo ogún redio tí ẹ bá kà ní orílẹ̀-èdè yìí, kò tó ọ̀kan tó jẹ́ ti èèyàn dúdú. Ẹ tún wá yọ ọ̀kan kúrò nínú ìyẹn!

Díákónì pe ilé-iṣẹ́ náà nítorí ikú Màmá. Ẹ̀rọ ló gbé e: "Tẹ ení tí o bá fẹ́ polówó. Tẹ èjì tí o bá fẹ́ yan orin."

"Èwo ni ti òkú?" ni Díákónì ń bi ẹ̀rọ. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ pátá. Ó jẹ ẹ̀bùn fìlà kan.

Bẹ́ẹ̀, ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi tọrọ àṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Ojú ewé keje sọ pé: "Ìkéde òkú yóò máa bá a lọ bó ṣe wà." Ta ló ka ojú ewé keje ní ọ́fíìsì ìjọba? Ta ló fọwọ́ sí i? Ẹni náà ní orúkọ, a sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹrin, ìwé àṣẹ wọn yóò wá fún ìsọdọ̀tun. Àtakò wa ti wà nílẹ̀, Bàbá Hosea ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, òun náà la sì fi ṣe olórí àwọn tí yóò máa gbọ́ redio ní Sọ́ńdè.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin tó ra redio wa, gbèsè kan wà tí ẹ ò lè sá fún. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pa afárá Ohio lẹ́nu mọ́, ẹ fi dùùrù sí i, kí èèyàn ẹlẹ́ran ara kan sì kà á: Verdelle Pettaway ti délé ṣáájú wa. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ọjọ́ orí, kó tẹ ení.