Líǹkì Àníkẹ́ Tí Kò Ṣí

Òórùn àbọ́níkì àti ti aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí heater ni mo fi ń rántí ilé Mama Usher. Òkè kẹsàn-án ni wọ́n ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro Pendleton nílùú Òyìnbó níbí, òjò a sì máa gbá fèrèsé wọn bí ẹni pé òun náà fẹ́ wọlé wá yáná. Mama Usher ni gbogbo ìjọ ń pè wọ́n, nítorí àwọn ni olórí àwọn tó ń júwe àga fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí o bá pẹ́ dé, ojú tí wọ́n máa fi wò ọ́ tó ìwàásù. Ṣùgbọ́n lásìkò tí mò ń sọ yìí, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àìsàn ti fà wọ́n gbẹ, wọn ò lè dúró pẹ́ mọ́. Èmi ni mo máa ń gbé ìwé ètò ìsìn lọ fún wọn nílé lọ́jọ́ Àìkú, torí èmi náà ni mò ń ṣe é.

Ìwọ náà mọ bó ṣe rí láàárín wa: ẹni tó bá ti lè tan kọ̀ǹpútà láìpe ẹlòmíì, ó ti di ọ̀gá nìyẹn. Ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń kó ẹrù ránṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Mo máa ń tẹ ìwé ètò ìsìn, n óo sọ ọ́ di PDF, n óo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀wé. Ọ̀nà tí mo ń gbà kò yí padà rí: mo máa ń tẹ Print, ṣùgbọ́n dípò kí n yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, n óo yan PDF. Orí bébà kúkú ló ń lọ, ta ló máa tẹ líǹkì lórí bébà? N kò mọ̀ pé nǹkan kan ń sọnù lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Mama yọ flash kékeré kan láti inú àpò Bíbélì wọn. Wọ́n ti ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní láíbìrì, ní kíláàsì tí wọ́n ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, wọ́n sì ń fi yangàn fún mi bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Lẹ́tà ló wà nínú flash náà, wọ́n kọ ọ́ sí ọmọ méjèèjì tí wọ́n bí. Nísàlẹ̀ lẹ́tà ni líǹkì méjì wà: wọ́n ti gba ohùn ara wọn sílẹ̀ sórí ìkànnì kan, ọ̀kan fún ọmọkùnrin wọn, ọ̀kan fún àkọ́bí wọn obìnrin. Ti ọmọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, adírẹ́sì gbọọrọ tó hàn síta lódindi. Nígbà tó fi máa kan ti obìnrin, olùkọ́ ti fi han wọ́n bí a ṣe ń fi adírẹ́sì pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù nìkan lo máa rí: "Àníkẹ́ mi, tẹ ibí."

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé Mama àti ọmọ yẹn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ó ti kó lọ bá ọkùnrin kan ní Wigan láìṣe ìgbéyàwó, Mama sì bú u lójú àwọn èèyàn. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Látìgbà náà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu wọn, orúkọ inú páspọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń pe aláìsàn. Ìyá tí kò bá fi oríkì pe ọmọ rẹ̀ mọ́, ìwọ náà mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Mama, ẹ ò ṣe kúkú pè é lórí fóònù?" ni mo bi wọ́n.

"Tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹkún ni màá sun, mi ò ní lè sọ nǹkan kan." Wọ́n nu ojú. "Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Tí mo bá ti lọ, kó o fi ránṣẹ́ sí wọn. Má gbọ́ ọ o! Ọ̀rọ̀ èmi àtọmọ mi ni. Tó o bá sì ti ṣe é tán, nu inú flash yẹn, kí ẹnikẹ́ni má rí i."

"Ó ti yé mi, Mama."

Ìdí tábìlì wọn níbẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo tan laptop mi, mo ki flash bọ̀ ọ́, mo ṣí lẹ́tà náà, mo tẹ Print, mo yan PDF, bí mo ṣe ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ búlúù yẹn jáde kedere, ìlà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi tiẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò, mo fà á sẹ́yìn. Wọ́n kọ́ mi nílé pé ohun tí àgbà bá ní kí n má yọjú sí, n kò gbọdọ̀ yọjú sí i, kódà kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo nu inú flash lójú Mama, wọ́n sì gbàdúrà fún mi pé ojú ò ní tì mí. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi lọ. Níbi ìsìnkú, ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn, ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí gan-an. Lọ́jọ́ kejì mo fi PDF ránṣẹ́ sí òun àti àbúrò rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ti jíṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin náà pè mí.

"Uncle, ẹ kú àná. Uncle, tèmi ò ṣí o."

"Tún un tẹ̀."

"I've been pressing it since morning, Uncle. Kò ṣe nǹkan kan."

Mo ṣí fáìlì náà, mo tẹ ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Pẹ́ẹ́, kò dún. Mo gbé! Ìgbà yẹn ni mo tó wá ìdí rẹ̀ kiri, tí mo sì rí i: téèyàn bá gba ọ̀nà Print, ojú ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kọjá, adírẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e. Ká ní Save As ni mo tẹ̀, kí n wá yan PDF níbẹ̀, ì bá bá a lọ wẹ́rẹ́. Èyí tí Mama tẹ̀ gan-an, mo ti fọwọ́ ara mi nù ún. Kọ̀ǹpútà láíbìrì kì í tọ́jú nǹkan kan. Password ìkànnì náà, Mama nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì títí, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: ẹni tó ni ohùn nìkan ló lè béèrè. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, èmi àgbà ọkùnrin.

Nígbà tó di Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Wigan. Àbúrò rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Torí pé adírẹ́sì tirẹ̀ hàn síta, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ohùn Mama sì jáde sínú pálọ̀, tòun ti ikọ́ wọn. Wọ́n ki oríkì rẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n tún bá a wí díẹ̀ lórí ọtí. Níparí wọ́n ní, "Mi ò ní sọ ti ẹ̀gbọ́n ẹ níbí. Ó ní tiẹ̀ lọ́tọ̀." Ọmọkùnrin náà da fóònù dojú bolẹ̀, kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Uncle," ọmọbìnrin náà ní, "ṣé ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́?"

"Rárá. Wọ́n ní kí n má gbọ́ ọ."

"So ẹ ò mọ̀ bóyá inú ṣì ń bí wọn?"

Irọ́ ti dé ètè mi. Kí ló ṣòro nínú kí n sọ pé mo gbọ́ ọ, pé wọ́n ti dárí jì í? Ta ló máa já irọ́ mi? Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó fẹ ọ̀rọ̀ búlúù yẹn lójú fóònù rẹ̀. "Àníkẹ́ mi," ó kà á jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Three years, Uncle. Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ fún three years." Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn. Ó tún un tẹ̀.

Nígbà mìíràn mo máa ń tu ara mi nínú pé oríkì yẹn nìkan ti tó, pé ìyá tínú ṣì ń bí kì í pe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í la òjò lọ sí láíbìrì nítorí ọ̀rọ̀ méjì péré, ìyókù rẹ̀ sì ti ọwọ́ mi sọnù. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní kéré gan-an. Ká ní mo ti sọ pé, "Mama, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, mò ń lọ dúró lẹ́nu lift." Ìṣẹ́jú kan. Àṣẹ wọn ò ní yẹ̀, ojú ò sì ní tì mí. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn tí àgbà kan bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo máa ń jáde, mo máa ń fa ilẹ̀kùn dé, n óo dúró sí kọ́rídọ̀ níbi tí ìró ohùn ti lè dé etí mi ṣùgbọ́n tí n kò ní mọ ohun tí wọ́n sọ, n kò sì ní padà wọlé àfi tí mo bá gbọ́ pé ohùn inú líǹkì sọ̀rọ̀ nínú ilé, tó sì dákẹ́.